Ó Wọ́n, Ó Wọ Ọwọ́

Ní gbogbo Ọjọ́rú, bí aago mẹ́wàá bá ku díẹ̀,
ọkọ̀ Thibodeau á yọ lẹ́yìn òkìtì yìnyín,
funfun nínú funfun,
iná iwájú rẹ̀ nìkan la máa ń kọ́kọ́ rí ní Hancock.
Gbogbo gáréèjì á dákẹ́. Waino á nu ọwọ́.
Èmi náà, mo máa ń nu tèmi
bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé àdúrà.

Ṣọ́ọ̀bù orí táyà ni. Ẹ wo àwọn sípánà
tí wọ́n tò bí eyín ọmọdé, tí wọ́n ń dán,
tí wọn ò tí ì fẹnu kan gíríìsì rí.
Mo gbé ráṣẹ́ẹ̀tì kan, mo yí i.
Kò ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bíi tèmi tí mo rà ní ogún dọ́là;
ó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́,
bí ẹni tó ń ka owó lábẹ́ aṣọ.
“Eélòó?”
Thibodeau ò wo ojú mi.
“Ogún dọ́là lọ́sẹ̀, Aila. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá péré.”
Kò pa á pọ̀. Èmi ni mo pa á pọ̀:
igba dọ́là ó lé ọgọ́rin,
ìdajì owó ilé mi lóṣù.
Àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Wọn ò sọ iye ènìyàn tí owó ọbẹ̀ pa.
Mo dá a padà sórí pẹpẹ.

Mo padà sídìí ọkọ̀ Ìyáàfin Kangas,
ìjánu ẹ̀yìn, apá òsì.
Iyọ̀ ojú títì ọdún méjìlá ló wà lára bóòtì yẹn.
Mo ki ráṣẹ́ẹ̀tì ogún dọ́là bọ̀ ọ́,
mo fà á,
mo fi gbogbo ara fà á,
eyín inú rẹ̀ yẹ̀. Ìka mi lọ bá irin.
Ẹ̀jẹ̀ kán sínú yìnyín tó ń yọ́ lábẹ́ táyà,
ó pọ́n, ó ṣá, ó bá omi wọ ihò lọ.
Orí bóòtì ti rí róbótó bí ẹyin.
Wákàtí méjì la fi gbẹ́ ẹ jáde.
Ta ni yóò san wákàtí méjì?
Kì í ṣe Ìyáàfin Kangas, owó ìfẹ̀yìntì ló ń jẹ.
Mo fa páálí kan ya, mo kọ ọ́ sábẹ́ ogún dọ́là:
wákàtí méjì,
awọ ìka mẹ́ta,
èébú kan tí ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Àpótí Waino ga jù mí lọ, ó pupa bí ẹ̀dọ̀.
Ọwọ́ bàbá Thibodeau ló ti ra ti àkọ́kọ́,
lọ́dún tí wọ́n ti ihò kùsà pa;
ó san án títí àkọ́bí rẹ̀ fi pààrọ̀ eyín.
“Bó bá kán, wọ́n á fún ọ ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, títí ayé.”
Mo ní, ayé ta ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi,
ìka méjì tí kò lè ká mọ́.
“Èyí ò ní òmíràn.”

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó wà lápò rẹ̀:
sípánà dúdú kan tí kò lórúkọ,
tó rà ní àádọ́ta sẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù òkú.
Ẹnì kan ti fi iná tẹ ọrùn rẹ̀
nítorí bóòtì kan ṣoṣo,
lára ẹ̀rọ kan tí kò sí mọ́.
Òun ni Waino ń kọ́kọ́ mú láràárọ̀.
Mo wá ibi tí mo máa kọ ìyẹn sí lórí páálí.
Kò sáyè.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo fọwọ́ sí ìwé Thibodeau
pẹ̀lú ìka tí mo fi báńdéèjì wé.
Ó wọ́n.
Ó wọ ọwọ́.
Waino kọjá, ó ní kí n má yá ẹnikẹ́ni,
títí kan òun.
Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá.